Ariwo Tí Bàálù Kò Gbọ́

Aránṣọ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀ lórí alùpùpù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi apá kan gbá ọkọ nínú mú, ó fi èkejì di àpò aṣọ mọ́ àyà, bí wọ́n sì ṣe kọrí sí ìdagẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ ìjókòó wọn, ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀, bí ẹni ń mi ìṣó nínú agolo. Ó tẹ́tí sí i. Nígbà tí ọ̀nà tẹ́jú, ohun náà dákẹ́. Nígbà tí ọ̀nà tún dà gẹ̀rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ìgbà ọmọge jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ kì í fojú kéré ariwo. Kí abẹ́rẹ́ tó kán, á kọ́kọ́ yí ohùn padà. Kí ẹ̀rọ tó kọṣẹ́, á ti máa kùn lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, bí ìyàwó tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún. Ó ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti mọ̀ pé irin kì í kú ikú òjijì. Á ránṣẹ́ sí olówó rẹ̀ títí, ìgbà tí olówó rẹ̀ bá kọ̀ tí kò jẹ́ ni á tó dùbúlẹ̀.

Nítorí náà ó na ọrùn, ó gbé ẹnu sún mọ́ akoto tí ọkọ dé sórí, ó ní kí Bàbá Ìbejì tẹ́tí sí màṣíìnì rẹ̀ o, nǹkan ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi orí. Ó ní òótọ́ ni, ó jọ pé òjò máa rọ̀.

Aránṣọ wo ojú ọ̀run. Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ọkùnrin yìí ti tún bẹ̀rẹ̀ àwàdà rẹ̀.

Bàálù ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀. Búrẹ́dì ló ń gbé kiri fún ilé búrẹ́dì kan tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópó, láti ìgbà tí àwọn ìbejì ti wà lọ́mọ ọwọ́. Nígbà náà, tó bá kọjá, eruku tó tú sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nìkan làwọn èèyàn ń rí, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Bàálù. Nísinsìnyí tí ewú ti yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, tí kò sáré bẹ́ẹ̀ mọ́, bó bá ń gun òkè jẹ́jẹ́ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì méjì tó so kọ́ sí ọ̀tún àti òsì, àwọn ọ̀dọ́ á ní kí gbogbo èèyàn yà lọ́nà, Bàálù fẹ́ gbéra. Á rẹ́rìn-ín, á gbọ́wọ́ sókè kí wọn.

Alùpùpù náà pupa bí ata. Ní ọjọ́ ìsinmi, ọṣẹ àti àkísà rírọ̀ ni ọkùnrin yìí fi ń wẹ̀ ẹ́, á máa nu abẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń nu abíyá ọmọ. Aránṣọ kì í pè é ní alùpùpù. Orogún mi ló ń pè é. Bí àlejò bá bèèrè ọkọ rẹ̀, á ní ó wà lẹ́yìnkùlé lọ́dọ̀ ìyàwó kékeré. Kò sì sí ìjà láàárín òun àti orogún yìí rí, nítorí ẹ̀yìn orogún náà lòun fúnra rẹ̀ ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ká a lára. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ẹṣin kò ní ṣàìmọ̀ bí ẹṣin bá ń tiro.

Kò pẹ́ rárá tí àmì mìíràn tún fi yọjú. Lórí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé, níbi tí alùpùpù máa ń sùn, ó rí ẹ̀kán epo dúdú kan tó tóbi tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ó fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ti tó bọ́tìnnì kóòtù. Nígbà tó fi máa tó ìdérí ìkòkò, kò ṣe é fi ẹsẹ̀ pa rẹ́ mọ́. Ó wo ṣéènì, ó rí i pé ó ti dẹ̀, ó rọ̀ wálẹ̀ bí ìgbànú ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Irin tó ń fẹsẹ̀ lé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n débi pé tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rìn ín bí ẹni tó dúró sórí ilé èèrà. Ìgbà mìíràn, bí wọ́n bá dúró kí mọ́tò kọjá, òórùn kan á gba imú rẹ̀ kọjá, irú èyí tí áyọ́ọ̀nù máa ń mú wá tí a bá gbàgbé rẹ̀ sórí aṣọ. Ti táyà ẹ̀yìn ló wá burú jù: tí èèyàn bá dúró wò ó bó ṣe ń lọ, ó ń ju ìdí díẹ̀díẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ.

Ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀. Ìdáhùn ọkọ kò yí padà. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe màṣíìnì òun, pé epo tó wà nílẹ̀ yẹn, bóyá ti ará ilé kejì ni. Ó ní kódà, látìgbà tí òun ti pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń lọ bíi tuntun. Ó ti ń fi yangàn fún àwọn tó ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́ bó ṣe dákẹ́.

"Ìyá Ìbejì, tí nǹkan bá ń dún lára màṣíìnì, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ?" ló bi í lọ́jọ́ kan. "Ṣé ìwọ tó o jókòó sẹ́yìn ni, àbí èmi tí mo mú un lọ́wọ́?"

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti di àdììtú, nítorí pé láyé àtijọ́ kò sí etí tó mú tó ti Bàálù. Á jókòó nídìí oúnjẹ, alùpùpù kan á kọjá lójú pópó, á ní ti agbélẹ́tà nìyẹn, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti dọ̀tí. Ẹni tó bá fẹ́ ra màṣíìnì tí wọ́n ti lò rí á kọ́kọ́ gbé e wá fún un kó bá òun gbọ́ ọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá ń sọ pé ìṣó inú agolo kò dún. Aránṣọ gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, kò rí ìtumọ̀ méjì fún un. Ọkọ òun gbọ́. Kò kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu òun ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí nǹkan mìíràn nínú ilé. Tó bá pè é láti ilé ìdáná, kò ní dáhùn. Tó bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin yìí á rẹ́rìn-ín níbi tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, á wá dákẹ́ síbi tí ẹ̀rín wà. Rédíò rẹ̀ ń ké débi pé ẹni tó wà lódìkejì ògiri ń gbọ́ ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ìbejì ti lọ kọ́ṣẹ́ nílùú mìíràn, òun àti ọkọ nìkan ló kù nínú ilé, ọkọ náà sì ti kọ etí ikún sí i.

Ó gbé ẹjọ́ náà tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ. Ẹ̀gbọ́n ní bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí ọmọ bá ti kúrò nílé, wọ́n á máa wo ìyàwó bí àga tó ti pẹ́ nínú pálọ̀. Ó ní kí àbúrò òun náà panu mọ́. Tí ilé bá ti dákẹ́ rọ́rọ́, ọkùnrin náà á fúnra rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀.

Ni Aránṣọ bá panu mọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi bínú, ìbínú tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán létí: kò sọ ìtàn, kò bèèrè nǹkan, ó kàn ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ ẹrù. Ọkọ rẹ̀ jẹun, ó dúpẹ́, ó súfèé, ó lọ wẹ alùpùpù rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, ó ní inú òun dùn púpọ̀ sí bí ilé ṣe tòrò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ìbínú tí ẹni tí a ń bínú sí kò bá mọ̀ nípa rẹ̀, iṣẹ́ àṣedànù ni. Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí ìtàn yìí dá lé. Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, búrẹ́dì inú apẹ̀rẹ̀ ṣì gbóná, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Aránṣọ gun ẹ̀yìn orogún rẹ̀, ó fajú ro, wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n dé orí ìdagẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ ọjọ́ gbogbo kò dún. Èyí ló já a láyà. Ohun mìíràn ti rọ́pò rẹ̀, ó ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kà, á dákẹ́, kà, á tún dákẹ́, bí ẹni ń fi ìka kan ṣoṣo kan ilẹ̀kùn. Ìdí alùpùpù yà sí ọ̀tún, ó yà sí òsì.

Ó ní kí Bàbá Ìbejì dúró. Kò dúró. Ó pariwo pé kó dúró. Ọkùnrin náà ń súfèé. Ó fi ọwọ́ gbá a léjìká, ọkọ rò pé ó fẹ́ kí òun yára ni, ó bá yí iná sí i. Nísàlẹ̀ níwájú, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti sọdá.

Kò dúró ronú. Ó ju àpò aṣọ sílẹ̀, ó na ọwọ́ gba abẹ́ apá ọkọ kọjá, ó fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ rí lápá iwájú, ó sì yí i. Ẹ́ńjìnnì kú. Alùpùpù fà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi okùn wọ́ lọ síbi tí kò fẹ́, eré rẹ̀ ń rọlẹ̀, Bàálù ń tẹ bíréèkì iwájú díẹ̀díẹ̀, wọ́n yà kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n wọ inú koríko, wọ́n sì ṣubú ní jẹ́jẹ́ bí ẹni tó rọra dùbúlẹ̀ torí ó rẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó fara pa. Búrẹ́dì nìkan ló tú jáde, ó yí gbirigbiri káàkiri. Àwọn ewúrẹ́ mélòó kan tó ń jẹko nítòsí gbé orí sókè, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì wá jẹun.

Bàálù dìde, ó gbọn koríko kúrò lára, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Kí ló dé tó o fi pa màṣíìnì?"

"Mo pè yín. Mo pè yín títí ọ̀fun mi fi gbẹ."

"O ò pè mí."

Ohun tó dun Aránṣọ jù ni pé kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn ń wò ó lójú bí ẹni tó ń sọ òtítọ́. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́ sí táyà ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀tì ńlá tó yẹ kó di táyà náà mú ti tú dé ìparí, ó kàn rọ̀ sẹ́nu irin bí ìgbín létí ewé. Ìka méjì péré ló fi yọ ọ́, ó sì gbé e lé ọkọ lọ́wọ́.

Bàálù wò ó. Ó wo ìdagẹ̀rẹ́ tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ó wo àwọn ọmọ tó ń sọdá, tí wọ́n ń nàka sí ewúrẹ́ tó ń jẹ búrẹ́dì, tí ẹ̀rín ń pa wọ́n. Ó jókòó sínú koríko.

Aránṣọ ló gbé fóònù pe ilé búrẹ́dì. Ó ti di àṣà ọkọ rẹ̀ báyìí kó máa ní kó bá òun gbé fóònù, pé ọwọ́ òun dí. Ọkọ̀ kékeré kan wá kó apẹ̀rẹ̀ àti búrẹ́dì tó wà nínú ọ̀rá, wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀ fún àwọn tó ti ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni tọkọtaya fa alùpùpù, ọ̀kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, èkejì gbé ìdí rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Dókítà Irin.

Dókítà Irin kì í ṣe dókítà kankan. Ọkùnrin kúkúrú tó ń tún alùpùpù ṣe lábẹ́ páànù lẹ́bàá títì ni. Aláìsàn ló ń pe gbogbo màṣíìnì tó bá wọlé, á sì kọ́kọ́ kí wọn kó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní kí aláìsàn pẹ̀lẹ́. Ó yí i po. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ṣéènì, ó mi táyà, ó fi ìka kan epo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn, Aránṣọ ń gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tòun fúnra rẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ní ṣéènì ti dẹ̀ títí ó fi jẹ eyín irin tó ń yí lé lórí. Ó ní béárìn inú táyà ẹ̀yìn ti fọ́, òun ló ń mi táyà, ìmìtìtì náà ló sì tú nọ́ọ̀tì. Epo tó ń jò ń kán sórí páìpù gbígbóná, ìyẹn ló ń mú òórùn wá.

"Bàálù, aláìsàn yìí ti ń ké gbà mí gbà mí tipẹ́," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ ò dá a lóhùn."

Bàálù ní kò ké. Dókítà Irin kò bá a jiyàn. Ó dá nọ́ọ̀tì padà, ó gbé màṣíìnì dúró kí táyà ẹ̀yìn má baà kan ilẹ̀, ó tan án, ó kó jíà sí i. Ariwo tó jáde mú kí àwọn tó ń kọjá lójú títì bojú wẹ̀yìn. Ó ní kí Bàálù fi ìka hàn òun, níbo ló ti ń dún.

Bàálù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pa ojú dé, ó tún un ṣí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó nàka sí apá òsì.

Apá ọ̀tún ló ti ń dún. Ó ń dún débi pé adìyẹ tó sùn sábẹ́ bẹ́ǹṣì ti dìde, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Dókítà Irin kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Aránṣọ, Aránṣọ náà wò ó, gbogbo ìbínú tí obìnrin náà ti fi sùúrù rán láti ọjọ́ yìí sì tú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí okùn kan ṣoṣo já nínú aṣọ.

Dókítà Irin mú sùkúrúdíráfà gígùn kan tó ní ìdìmú onígi. Bí òun ṣe máa ń yẹ inú ẹ́ńjìnnì wò nìyẹn, ó ní: á fi ẹnu irin náà kan ara màṣíìnì, á fi ìdìmú rẹ̀ ti eegun ẹ̀yìn etí. Ó fi han Bàálù, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Bàálù fi ẹnu irin kan abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdìmú ti ẹ̀yìn etí. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó yọ irin náà, ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Ó dá a padà, ariwo dé. Ó gbé e síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún, ó ń dárúkọ ohun tó ń gbọ́ lábẹ́ ẹnu, ṣéènì rèé, béárìn rèé, bó ṣe máa ń ṣe láyé àtijọ́ nídìí oúnjẹ. Dókítà Irin nawọ́ láti gba irin rẹ̀, kò fún un.

"Ó ń dún," ló wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti kéré. "Ìyá Ìbejì, ó ń dún gan-an."

Ó jókòó sórí táyà àlòkù kan, ó sì tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà òtútù tó kọjá ni ayé ti ń jìnnà sí òun. Ṣe ló dà bíi pé àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá kejì. Nígbà tí alùpùpù dákẹ́, òun rò pé epo tuntun ló wò ó sàn. Nígbà tí òun mọ̀ pé kì í ṣe epo, ẹ̀rù bà òun. Etí bàbá òun di lọ́jọ́ ogbó, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń jókòó tì í bí ẹni jókòó ti ògiri. Ẹnikẹ́ni kì í bá a sọ nǹkan tó gùn ju "ẹ wá jẹun" lọ. Ilé búrẹ́dì kò sì ní fi ẹrù lé ẹni tí kò gbọ́ fèrè mọ́tò lọ́wọ́. Nítorí náà òun ń mi orí, òun ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá jọ pé ẹ̀rín ló kàn.

Aránṣọ jókòó tì í lórí táyà náà. Ó sún mọ́ etí rẹ̀ dáadáa kó tó sọ̀rọ̀. "Mo bá yín bínú fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò bá yín sọ̀rọ̀ rárá."

Bàálù wò ó tìyanutìyanu. "Nígbà wo?"

Dókítà Irin ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kó tó ran tọkọtaya náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Aránṣọ, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú omi náà. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, Dókítà Irin ní kí wọ́n fi aláìsàn tòun sílẹ̀ fún òun, kí wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń tún èèyàn ṣe.

Ilé ìwòsàn kò jìnnà, èrò kò sì pọ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ etí jẹ́ obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó sanra, tó ní ọwọ́ kékeré. Ó tan iná tẹ́ẹ́rẹ́ sínú etí ọ̀tún. Ó tan án sínú ti òsì. Ó kán oògùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ó ní kí Bàálù fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó lọ dá àwọn mìíràn lóhùn, ó padà wá pẹ̀lú abọ́ àti abẹ́rẹ́ oníke ńlá tí kò nírin lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ibẹ̀. Ìdọ̀tí etí dúdú bọ́ sínú abọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan mìíràn bọ́, tí nọ́ọ̀sì fi irin kékeré gbé sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

Òwú ni. Èkejì rẹ̀ wà nínú etí òsì.

Bàálù ní òun mọ̀ ọ́n. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ máa ń gún òun létí lórí màṣíìnì, òun a sì máa fi òwú di í. Lọ́jọ́ kan, òun dé ilé, òun kò rí òwú náà mọ́. Òun wá a lábẹ́ ìrọ̀rí, òun wá a nínú akoto, òun rò pé ó ti bọ́ sọ́nà ni. Nọ́ọ̀sì gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, agbára rẹ̀ kò gbé e. Nígbà tó ṣe tán, ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ ki nǹkan kan bọ etí mọ́, ì báà ṣe òwú, ì báà ṣe igi. Ó tún ní etí òsì kò ní mú tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọjọ́ orí ti mú díẹ̀ níbẹ̀, kó padà wá kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bàálù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun gbọ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lọ sílé. Ó ti pẹ́ tí tọkọtaya náà ti jọ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gbẹ̀yìn, nítorí ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ẹni kì í rójú ẹni. Bàálù ń rìn bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú. Ó dúró gbọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀. Ó dúró gbọ́ omi tó ń jò lẹ́nu ẹ̀rọ. Aṣọ ara rẹ̀ ń fi ara ra ara, ó sì wò ó bíi pé aṣọ náà ṣẹ̀ ẹ́. Ó wá ní kí ìyàwó òun sọ gbogbo ohun tó ti ń sọ láti ilé ìdáná látìgbà òtútù. Aránṣọ ní ó pọ̀. Bàálù ní ọ̀nà ilé gùn.

Ni Aránṣọ bá mú un láti orí oníbàárà kan tó búra pé tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n fi ń wọn òun ti súnkì, pé ara òun kò tóbi sí i. Kò tíì dé àárín ìtàn nígbà tí Bàálù gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́. Ó fetí sílẹ̀. Ó ní nǹkan kan ń ké, kín-ín, kín-ín, nítòsí ilẹ̀. Wọ́n dúró, ó dákẹ́. Wọ́n rìn, ó ké. Bàtà ọ̀tún Aránṣọ ni.

"Ó ti tó ìgbà wo tí bàtà yìí ti ń ké báyìí?"

"Á ti lé lọ́dún kan."

"Kò sì sí ohun tó o ṣe sí i?"

Aránṣọ wò ó. Bàálù gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Aránṣọ ní kò sí nǹkan tó ṣe bàtà òun, pé gbogbo bàtà ló ń dún. Ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n yà sọ́dọ̀ aṣebàtà tó wà ní kọ̀rọ̀ òpópó, ọkùnrin náà sì yí gìgísẹ̀ bàtà náà sókè, ó gbé e síwájú ojú, ó ní kí ìyá fi í sílẹ̀ fún òun. Wọ́n jókòó dúró dè é lórí bẹ́ǹṣì, Aránṣọ ká ẹsẹ̀ kan sókè kúrò nínú eruku, ó sì ń bá ìtàn oníbàárà rẹ̀ lọ.